Èrò tí mo kọ sẹ́yìn ìwé amí náà

Màmá ń ka èrò mi sókè, wọn ò sì mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù wọn l'Ágbowó, awò ojú wọn ti yọ̀ wá sórí imú, ìka wọn tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ sì ń tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti awakọ̀ kan wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí Màmá kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n ní, "Ẹni tó kọ eléyìí, ojú ẹ̀ ti rí nǹkan." Inú mi dùn débi pé mo ní láti kọjú sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rín mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà.

Màmá kọ́ ló bí mi. Yàrá wọn àti tiwa ló kojú síra nínú ilé kan náà. Iléeṣẹ́ kan l'Ólúyọ̀lé ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í tètè dé, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù Màmá ni mo máa ń bọ́ sí tí a bá ti jáde nílé ìwé. Ìwé ni wọ́n ń dì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lódìkejì títì ló ń gbé próójẹ́ẹ̀tì wọn wá fún wọn. Gbogbo ọjọ́ ni ẹ̀rọ fọtokọ́pì máa ń dún ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí jẹnẹrétọ̀ á máa bú ramúramù lẹ́yìn ilé, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa, ohun tí mo máa ń gbọ́ jù ni òwú tó ń gba inú bébà kọjá. Sítáàṣì ni Màmá fi ń ṣe gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ìwé àtijọ́. Wọ́n á fi omi gbígbóná pò ó, wọ́n á sì lọ kànáfùrù sí i kí kòkòrò má baà jẹ ìwé náà. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn kànáfùrù nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn, mo máa ń gbé abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Yàtọ̀ sí próójẹ́ẹ̀tì, Màmá ní pẹpẹ kan tí wọ́n to ìwé ìtàn sí, àwọn ògbólógbòó ìwé tí wọ́n tún ṣe fúnra wọn. Wọ́n ń yá àwọn ènìyàn. Kí ìwé tó dórí pẹpẹ yẹn, Màmá á kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi òòlu lu ihò sí bébà funfun mẹ́jọ, wọ́n á rán an mọ́ ìparí ìwé náà. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá yá a gbọ́dọ̀ kọ èrò rẹ̀ sí kó tó dá a padà. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan kò ní rí òmíràn yá. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ sí i. "Tó o bá ti fi orúkọ sí i, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣojú ayé," báyìí ni wọ́n máa ń wí. Màmá gbà tọkàntọkàn pé ẹni tí kò fi orúkọ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìdí kankan láti parọ́. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á mú ìwé kan, wọ́n á ka èrò inú rẹ̀ sókè fún ẹni tó bá wà níbẹ̀, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n jiyàn lé lórí jù lọ ni ìwé amí kan. Èèpo rẹ̀ ti já dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn agbésùnmọ̀mí jí ọmọ olóyè kan gbé nínú rẹ̀, amí kan sì wá bá bàbá ọmọ náà pé kó pa fóònù rẹ̀, kó má gbé e fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ọkàn àwọn ajínigbé náà kò balẹ̀ mọ́, wọ́n jáde síta láti wá ìdí rẹ̀, amí sì ká wọn mọ́. Mo ti ka ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà. Mo fẹ́ràn amí yẹn bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ohun tí àwọn òǹkàwé kọ sẹ́yìn rẹ̀ ló wá ń bí mi nínú. Ẹnìkan kọ ọ́ pé, "Ìwé yìí dùn, mo sunkún níbi tí ọmọ yẹn ti ń kọrin fún ara ẹ̀." Ìyẹn dára. Àmọ́ ẹnìkan tún kọ ọ́ pé, "Ẹni tó kọ ìwé yìí ò wọ igbó rí. Àwọn ajínigbé kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí." Ẹlòmíràn wá fi bírò pupa kọ ọ́ gbàgàdà pé, "Irọ́ gbuu. Bàbá wo ló máa pa fóònù nígbà tí ọmọ ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn?" Inú bí mi sí ẹni bírò pupa yẹn. Ó dà bí ẹni pé ó bú mi.

Nítorí náà ni mo ṣe dá a lóhùn. Mo dọ́gbọ́n jẹ́ kí lẹ́tà mi dagun bí ti àgbàlagbà, mo sì kọ ọ́ pé: "Òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé yìí. Wọ́n ti jí àbúrò mi gbé rí. A pa fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì dá a sílẹ̀ láìfarapa. Ẹni tí kò bá ṣẹlẹ̀ sí kò lè mọ̀." Mi ò ní àbúrò. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n jí gbé. Mo kàn fẹ́ borí nínú àríyànjiyàn ni. Ohun tí Màmá ń kà sókè ní ọ̀sán Sátidé yẹn nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn lé ìwé amí náà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Màmá ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí. Tíṣà ni, ní ìlú tí Màmá ti wá lókè lọ́hùn-ún, ní Òkè-Ògùn. Tí oṣù bá parí, á gbé èlùbọ́ wá, á gé èékánná mi, á sì máa fi Màmá ṣẹ̀fẹ̀ pé ìwé ni wọ́n bí, òun kàn yọjú ni. Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí mo kọ èrò mi, láti ìlú yẹn ni Àǹtí ti ń bọ̀ n'Ìbàdàn nígbà tí àwọn oníbọn dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n sì kó gbogbo èrò inú rẹ̀ wọgbó.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pe fóònù Màmá. A wà ní ìsinmi, mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí, ó ní, "Màmá mi, ẹ gbà mí." Ọkùnrin kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á tún pè tó bá dọ̀sán, kí Màmá ti máa wá owó. Àbúrò Màmá sáré dé láti Apẹ̀tẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá ti pè, ẹ jẹ́ ká máa bẹ̀ wọ́n. Ká ṣáà máa bá wọn sọ̀rọ̀."

Màmá dìde, wọ́n lọ síbi pẹpẹ, wọ́n mú ìwé amí náà wá. Wọn ò ṣí inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí tààrà.

"Wo ibí yìí. Ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí ló kọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ìwé ìtàn lẹ ti fẹ́ gba ìmọ̀ràn?"

"Ìwé ìtàn kọ́ nìyí. Ènìyàn ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Kí ló fẹ́ fi irọ́ ṣe? Kò kúkú forúkọ sí i."

Àbúrò wọn bẹ̀ wọ́n títí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àwọn ègé bébà tó wà nílẹ̀. Màmá pa fóònù. Wọ́n nà án sí mi pé kí n lọ fi í sínú dúrọ́ọ̀, nítorí orúnkún ń dùn wọ́n. Mo gbà á. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ọwọ́ wọn.

"Màmá," mo ní.

"Kí ló dé?"

Ìyá mi á nà mí, mo mọ̀. Gbogbo Agbowó á gbọ́ pé òpùrọ́ ni mí. Ohun tí mo rò nìyẹn, mi ò rò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kò sí nǹkan, mà."

Mo fi fóònù náà sínú dúrọ́ọ̀, mo sì tì í. Àbúrò Màmá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, wọ́n gba orúkọ sílẹ̀, wọ́n ní kó máa retí àwọn. Fún ọjọ́ mẹ́ta, Màmá kò jẹun, wọ́n kàn ń rán ìwé ni. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tan fóònù. A jókòó yí i ká. Iléeṣẹ́ ẹlẹ́rọ ìbánisọ̀rọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó méjì ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó pè lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n pe nọ́ńbà ọkùnrin náà padà, kò lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jí gbé pẹ̀lú Àǹtí wá kí Màmá. Ẹbí rẹ̀ ti rà á padà. Ilẹ̀ ni ó ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Wọ́n ń pè yín, mà. Wọ́n ní ẹ ń fi àwọn ṣeré. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n mú un kúrò láàárín wa." Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bu omi fún un. A kò rí Àǹtí títí dòní, a kò rí òkú rẹ̀, a kò mọ ibi tí à bá fi òdòdó sí.

Màmá kó àwọn ìwé orí pẹpẹ kúrò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Wọn ò yá ẹnikẹ́ni ní ìwé mọ́, próójẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń dì. Èmi ṣì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ tí a bá ti jáde nílé ìwé. Wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi, wọ́n ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Fóònù wọn kì í kúrò nítòsí wọn, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sókè dópin. Tó bá ti dún, wọ́n á sáré gbé e, òwú á sì bọ́ lójú abẹ́rẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí kí n tó lè sọ ọ́. Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo ní, "Màmá, èmi ni mo kọ èrò yẹn. Èyí tó wà lẹ́yìn ìwé amí."

Wọn ò dá iṣẹ́ dúró. "Mo mọ̀," wọ́n ní.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní lẹ́tà kíkọ. Ṣé mi ò ní mọ ọwọ́ ẹ ni? Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni mo ń wò, mi ò wo ọwọ́ tó kọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí fóònù ò dún, mo tún un kà. Ìgbà yẹn ni mo rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò nà mí, Màmá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ìyá mi?"

"Ọmọdé ni ẹ́. Èmi tí mo dàgbà ni mo gbà á gbọ́."

Wọ́n fa òwú náà le, wọ́n fi eyín gé e. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n lè sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Wọ́n rán ìwé náà tán, wọ́n mú òmíràn, wọn ò sọ ọ́. Èmi náà kò bèèrè, ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n kú ní ọdún kejì.

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi mọ̀, tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi. Mo máa ń ro bó ṣe máa ń rí lára wọn tí mo bá na abọ́ sí wọn, tí mo ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un, tí wọ́n sì fi kún un. Ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ báyìí pé wọ́n jí ènìyàn gbé, ojoojúmọ́ sì ni àwọn tí kò ṣẹlẹ̀ sí ń sọ lórí rédíò ohun tí ẹbí yẹn ì bá ti ṣe. Mo máa ń pa rédíò náà. Tí ọ̀rẹ́ kan bá sì yá mi ní ìwé, tó wá bi mí pé kí ni mo rò sí i, mo máa ń sọ fún un pé mi ò tíì kà á tán.