Kí Màrìwò Tó Gbẹ

Òórùn oògùn kòkòrò ni mo fi ń mọ àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Bàbá mi bá ti fín oògùn sí ọgbà tòmátì wa ní Ìdòfin. Òórùn náà á ti wọ inú ẹ̀wù iṣẹ́ Bàbá tó wà lórí okùn lẹ́yìn ilé ìdáná, a ó sì máa gbọ́ ọ bí a ti ń gbálẹ̀. Bàbá á ti gé màrìwò tútù kan, á so ó mọ́ igi lẹ́nu ọgbà. Títí màrìwò yẹn yóò fi gbẹ táútáú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já èso kan níbẹ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí oòrùn jẹ tirẹ̀ ná."

Lọ́dún kan, kòkòrò wọ tòmátì náà nígbà tí Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sún mọ́lé, Bàbá sì fín in. Nígbà tí Ìkórè ku ọ̀la, òjò ńlá rọ̀. Bó ti dá, Ìyá mi wọ inú ọgbà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi imú kan tòmátì kan tó ti pọ́n dẹ̀dẹ̀. "Kò rùn mọ́ o. Òjò ti fọ̀ ọ́." Bí gbogbo obìnrin àdúgbò wa ti ń ṣe nìyẹn. Wọ́n gbà pé bí òórùn bá ti lọ, oògùn náà ti lọ. Bàbá nawọ́ sí màrìwò. Ó ṣì tutù.

"Bàbá Fúnkẹ́, kí la á wá gbé lọ ulé Olúwa?"

"Ikàn ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

Ikàn tí kòkòrò ti dá lu náà la gbé lọ. Èmi Fúnkẹ́, àkọ́bí, ni mo rù ú dé iwájú pẹpẹ lójú gbogbo ìjọ, lẹ́yìn ọmọ kan tí tòmátì tirẹ̀ ń dán gbinrin. Ojú tì mí kọjá sísọ. Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọ́n ń lu ẹrù Ìkórè ní gbànjo, ẹnikẹ́ni kò dá sí tiwa. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ra ikàn rẹ̀ padà. Mo sunkún délé, Ìyá mi sì yan Bàbá lódì.

Bàbá yìí kan náà, odò ìsàlẹ̀ ọgbà ló ti máa ń fọ ike tó fi ń fín oògùn, odò tí a ti ń pọn omi. Lójú tirẹ̀, ohun tí omi bá ti gbé lọ ti tán nìyẹn. Kò so màrìwò kankan síbẹ̀ rí, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa ní kàyéfì.

Ní Ìlọ́fà níbí, iṣẹ́ mi báyìí ni kí n máa la àwọn àgbẹ̀ lọ́yẹ̀. Mo ń sọ fún wọn pé òórùn máa ń tètè lọ ju oògùn lọ. Oòrùn ń fọ́ oògùn náà díẹ̀díẹ̀ lára ewé, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké inú ilẹ̀ náà ń jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, níbi tí oòrùn kò dé, ó lè pẹ́ gan-an. Mo ń fi iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n dúró hàn wọ́n lára ike oògùn náà. Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Bí ọjọ́ ọjà bá pé, wọ́n á já tòmátì wọn. Mi ò lè bínú sí wọn, nítorí tòmátì tó ti pọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi, ó rẹ̀ mí dé eegun.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, èmi náà ra tòmátì. Mo bi obìnrin tó ń tà á pé ìgbà wo ni wọ́n fín in kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ ò rí i bó ṣe ń dán ni?" Kò sí ẹni tó ń gbé màrìwò wá sọ́jà.

Mo fọ̀ ọ́ nílé, mo tún un fọ̀. Ọmọ tó sunkún nítorí tòmátì pupa ti wá rí i rà wàyí, ẹni tí yóò nawọ́ sí màrìwò fún un kò sì sí láyé mọ́. Mo gbé ọ̀kan sí imú, bí Ìyá mi ti máa ń ṣe.

Kò rùn. Mo gé e sínú ọbẹ̀.