Olómi Tí Kò Lè Mu Omi Tó Ń Tà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ lè mu omi tí olómi fúnra rẹ̀ ò lè mu?

Láti Sátidé tí ilẹ̀ ti mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ni omi kànga ẹ̀rọ tí Mallam Bukar ń fi ọmọlanke tà fún wa ní Baga Road ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Lónìí, mo dá a dúró.

"Mallam, kí ló ṣe omi yìí?"

"Haba Madam! Ruwa ne kawai. Omi lásán ni."

Lásán kẹ̀? Èmi tíṣà bàọ́lọ́jì! Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ń gbé inú omi abẹ́ ilẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mì, ó lè lanu, kí omi ibòmíràn ya wọlé, kí àwọn kòkòrò àjèjì sì gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ọkàn mi ò gba omi yìí rárá.

Mo bu ife kan fún un. "Ó dáa, ẹ mu ún kí n rí i."

Ó gba ife, ó wò ó, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ló bá fa piọ wọ́tà yọ lápò, ó fi eyín já a, ó mu ún tán.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, Madam."

Ẹ̀yin aládùúgbò mi, kí lẹ fi po tíì láàárọ̀ yìí?