Obìnrin Ladjifarani Tó Fẹ́ Gbọ́ Tinú Mi

Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá bu omi fún mi mu, màá kọ́kọ́ bi omi náà níbi tó ti wá. Wọn ò parọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní àdúgbò Ladjifarani ní Parakou tó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀, ohun tí mo bi í ni pé, "Ta ló rán an?"

Ó ní kò sẹ́ni tó rán an. Ó ní òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni, pé ìjọba ló rán an lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Rọ́ṣíà, pé tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, ó máa ń gba àwọn èèyàn lálejò nílé rẹ̀, kì í sì í gbowó. Ìjọba, Rọ́ṣíà, tún wá lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ó ti yé mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi ni, ọmọbìnrin, nígbà ọyẹ́, nílé wa ní àdúgbò Titirou. Gbogbo ayé ń bá mi yọ̀, èmi ni mi ò rí ayọ̀ náà. Bí ọmọ bá ń sunkún, ṣe ló máa ń dà bíi pé ọmọ ará ilé kejì ni, pé ìyá rẹ̀ yóò dé láìpẹ́ wá gbé e. Àyà mi máa ń já láìnídìí. Oúnjẹ ò wù mí jẹ, oorun ò kùn mí. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ṣábẹ̀ wá wẹ ọmọ fún wa, ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń pọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń gbé e wá bá mi kó mu ọmú. Wọn ò bá mi jà rí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọkọ mi pé, "Bí nǹkan ò bá yí padà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, màá gbé ọmọ yìí lọ sílé."

Ọkọ mi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde. Awakọ̀ ẹrù ni, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Parakou àti Malanville, kì í pẹ́ nílé. Èwo ni tirẹ̀ nínú kó máa bá ìyá rẹ̀ jiyàn?

Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí nìyí: ọmọ tí ìfẹ́ rẹ̀ ò tíì wọ̀ mí lọ́kàn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá gbé e lọ, mo mọ̀ pé tèmi ti bù ṣe nìyẹn.

Ẹni tí kò bá gbé Parakou nígbà náà lè máa rò pé mo kàn lágídí. Ìgbà kàmáráàdì ni, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí wọ́n ń pe tiwọn ní ìyípadà. Bí o bá wọ ọ́fíìsì, wàá kọ́kọ́ sọ pé o ti ṣe tán fún ìyípadà, wọn á dá ọ lóhùn pé ìjà ń bá a lọ, lẹ́yìn náà ni wàá tó sọ ohun tó gbé ọ wá. Aládùúgbò wa kan sọ níbi ìsọmọlórúkọ pé ìyípadà ti jẹ ṣúgà ìlú tán. Gbogbo wa la jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá mú un. Nígbà tó padà dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín ló lọ ròyìn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá bi mí pé ṣé dáadáa ni, dáadáa ni.

Nígbà tí ọkọ mi bẹ̀ mí títí, mo lọ. Obìnrin náà ò dàgbà tó bí mo ṣe rò. Ọmọ Bàrìbá ni, àmọ́ àárín àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ ló ti ṣeré dàgbà, Yorùbá rẹ̀ já geere. Ó fún mi ní àga, ó lọ sídìí rédíò, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè kó tó jókòó. Mo wo rédíò náà bí èèyàn ṣe ń wo ajá onílé. Mo ní lọ́kàn mi pé inú rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sí.

"Ìyá ìkókó, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, kàmáráàdì."

"Oorun ńkọ́?"

"Mò ń sùn."

"Ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò kí yín o. Mo bi yín ni."

Mo tún ní a dúpẹ́. A jókòó, à ń gbọ́ bí rédíò ṣe ń sọ̀rọ̀ òwú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, títí ó fi ní kí n máa lọ, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò fún mi lóògùn, kò fún mi lábẹ́rẹ́. Irú ìwòsàn wo nìyẹn? Mo sọ fún ọkọ mi pé amí ni, pé ṣe ló ń dúró dè mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo dán an wò. Mo rọra sọ fún un pé ohun tó ń dà mí láàmú ni àpò ṣúgà kan tí mo fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Irọ́ gbuu ni, horo ṣúgà kan ṣoṣo, mi ò ní nílé. Àmọ́ nígbà náà, ẹni tó bá kó ọjà pamọ́ ti dáràn. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní, "Ẹrù yẹn á wúwo lọ́kàn o." Mo délé, mo gbá abẹ́ ibùsùn mọ́ tónítóní, kí ojú má baà tì mí bí ìgbìmọ̀ àdúgbò bá dé wá yẹ ilé wò. Mo dúró dè wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò wá.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣe ni mo sọ fún ara mi pé àpò ṣúgà kan kéré lójú rẹ̀, pé ọ̀ràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ ló ń dọdẹ rẹ̀.

Ohun tó wá bá mi lójijì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá kan. Ó béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ́wọ́, báwo ló ṣe ń rí lára yín?" Kí n tó ronú irọ́, mo ti sọ pé, "Kì í rí bí nǹkan kan." Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè pa ẹnu dé mọ́. Mo sọ pé mo ti lọ dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin rí, tí mò ń rò ó pé kí n wọkọ̀ lọ Kútọnu láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo sọkún títí etí aṣọ mi fi tutù. Kò pariwo, kò kígbe Jésù.

"Àìsàn ni," ló wí. "Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ ìyá. Ó máa ń lọ, àmọ́ ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ó nawọ́ sí rédíò. "Torí àwọn tó ń kọjá lójúde ni mo ṣe ń gbé e sókè, kí wọ́n má baà gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ."

Mo ní mo mọ̀. Irọ́ ni.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀rù bà mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kó ẹ̀rí fún un pé mi ò yẹ lẹ́ni tó ń tọ́mọ. Tó bá ṣáà ti délé wá bá ìyá ọkọ mi, ó parí. Mi ò padà lọ mọ́.

Ló bá délé wá lóòótọ́. Mo gbọ́ ìró alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níwájú ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí àwọn aládùúgbò ń ti fèrèsé, mo sì sá wọ yàrá. Ìyá ọkọ mi gbé omi fún un. Mo dúró sẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, gbogbo ara mi di etí.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "kí ni ìyàwó wa máa ń bá ọ sọ lọ́hùn-ún?"

"Ìyá, ohun tó bá bá mi sọ, tirẹ̀ ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ̀ ń rí?"

Mo ní ẹ̀tàn ni, ó mọ̀ pé mò ń gbọ́. Ìgbà tí ìyá máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà.

"Mò ń rí ara mi. Nígbà tí mo bí bàbá ọmọ yìí, báyìí ni mo ṣe rí. Wọ́n ní ojú tí mo fi ń wo ọmọ ò dáa. Ìyá ọkọ mi gbé e lọ sóko, wọ́n ní àwọn ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ohun kan. Nígbà tí ara mi yá, tí mo lọ mú un, ó sá sẹ́yìn wọn, ó ń béèrè pé ta nìyí."

"Ẹ̀yin náà wá fẹ́ gbé èyí lọ."

"Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìkan ni mo mọ̀."

Obìnrin náà ò bá wọn wí. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá ìkókó, ó sì gun mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà sí Ladjifarani. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò pè é ní kàmáráàdì.

Ara mi ò yá lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan ọmọ sín, ojú rẹ̀ fún jọ bíi ti arúgbó, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Àmọ́ ìfẹ́ tí àwọn èèyàn ń sọ ò tíì dé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí ìyá ọkọ mi di ẹrù wọn láti padà sí Ṣábẹ̀.

Mo jókòó lórí àpótí, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi, mò ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n nawọ́ sí ọmọ. Ọkàn mi ní, ó tán, gbogbo rẹ̀ ti tán. Mi ò ní agbára àtibá wọn jà. Mo gbé e fún wọn.

Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ pọ̀n ọ́n, wọ́n wá fa ọ̀já tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè mí dáadáa.

"Má gbé e fún ẹnikẹ́ni," ni wọ́n wí lẹ́yìn mi. "Bó bá ṣe èmi náà ni mo padà wá gbà á, má gbé e fún mi."