Wàláà Tí Bàbá Mi Fọ̀

Mo rántí ìgbà tí òórùn tàdáwà kì í kúrò lọ́wọ́ mi, íǹkì dúdú tí a fi ń kọ kéú sára wàláà, pátákó tí ọmọ kéú máa ń gbé lé itan. Ilé kéú bàbá mi ní Ìwó ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sọ yìí, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà yunifásítì, mo ń ṣe ẹ̀bùn. Igbá ni, ife ni, ohun tí oníbàárà bá gbé wá, màá ya kóòdù sí i lára, àmì onígun mẹ́rin tó rí wúruwùru. Ẹni tó bá fi kámẹ́rà fóònù wò ó yóò gbọ́ ohùn ẹni tó fún un lẹ́bùn. Mo gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo Ìwó, kódà kí ẹ ka Kuta mọ́ ọn.

Nígbà tí màmá mi kú, ohùn wọn kan ṣoṣo ló kù sọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ọjà Olúpọ̀nnà fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé kí n jẹ́ kí bàbá mi gbọ́, nítorí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ti bàbá: "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó èlùbọ́ tí mo sá wọlé, òjò ti ṣú níbí. Ẹ má dúró dè mí, ẹ jẹun." Mo gbàgbé láti jíṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òjò sì pa èlùbọ́.

Mo fi ohùn yẹn pa mọ́ sórí ayélujára, mo wá wàláà tuntun, mo sì ya kóòdù rẹ̀ sí i. Ǹ bá lo ọ̀dà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jọ kéú gidi, mo bá fi tàdáwà yà á. Mo gbé e fún bàbá mi pẹ̀lú fóònù ńlá kan, mo sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò ó. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n tún un ṣe, wọ́n wá gbé wàláà náà lé itan.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo bá a lára ògiri, ó mọ́ fónífóní.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fọ̀ ọ́?"

"Mo ti há a sórí. Wàláà téèyàn bá ti há, ṣé a kì í fọ̀ ọ́ ni? Mo sì ti mu omi rẹ̀."

Èmi ọmọ ilé kéú, tí mo ti mu irú omi bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà kí kéú lè dúró nínú mi, inú ló bí mi. Mo ní wọ́n ti ba iṣẹ́ mi jẹ́, pé nǹkan ayélujára kò yé àgbà. Wọ́n ní, "Jókòó, kí n kà á fún ọ." Mo ní mò ń kánjú, mo gun ọ̀kadà lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Màá tún un yà lọ́la, màá tún un yà lọ́túnla ni mò ń wí, títí ibi tí mo tọ́jú ohùn náà sí lórí ayélujára fi kógbá sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Fóònù mi àtijọ́ ti bọ́ sómi ṣáájú. Kò pẹ́ sí i, bàbá mi náà kú. Ó dùn mí títí di òní, àbámọ̀ ló sì ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Wàláà náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ màmá mi kò sọnù, mo ti kọ ọ́ sókè yìí. Ṣùgbọ́n n kò rántí ibi tí wọ́n ti mí mọ́, tàbí ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá mi mọ̀ ọ́n, nítorí oníkéú kì í há ọ̀rọ̀ láìhá ohùn rẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó kí àwọn kà á fún mi. N kò jókòó.