Ohun Tí Bàbá Bólúwají Ń Sọ

Nígbà tí Màmá Bólúwají ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Iléṣà dé sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Cypress lókè òkun, wọ́n rò pé àdúgbò ń bínú sí àwọn ni. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, wọn ò ní rí ẹni tí wọn yóò kí, àfi mọ́tò onígíláàsì dúdú tó ń jáde ní gáréèjì. Bólúwají ọmọ wọn á ti lọ sí iléeṣẹ́ kẹ́míkà ní La Porte, Lérè ìyàwó rẹ̀ á ti gba ibiṣẹ́ lọ, Chloe ọmọ wọn á ti wọ bọ́ọ̀sì iléèwé. Ẹnìkan kì í yà wá kí wọn. Nínú ilé oníyàrá márùn-ún, ìyá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin nìkan ló ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn.

Ni wọ́n bá ń bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Bàbá Bólúwají kú, ṣùgbọ́n fọ́tò wọn wà lórí tábìlì nínú yàrá. Láràárọ̀, màmá á kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á ròyìn. Èwo ló burú níbẹ̀? Ta ni kì í bá òkú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé wa?

Chloe ló gbọ́, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé màmá lọ sílé ìwòsàn, Bólúwají ń ṣe ògbufọ̀.

"Dókítà ní ṣé ẹ máa ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀?"

"Bàbá yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ṣé wọ́n máa ń dá yín lóhùn?"

"Dáadáa."

Dókítà ò béèrè ohun tí bàbá ń sọ. Ó kọ oògùn. Bólúwají tó yẹ kó ṣàlàyé, ojú ń tì í, ó gba ìwé oògùn. Ó ṣáà máa ń rí ìyá bàbá rẹ̀ nígbà kan, tí wọ́n ń jókòó ti ibojì iwájú ilé, tí wọ́n ń bá ọkọ wọn tàkúrọ̀sọ.

Oògùn náà ń kun màmá lóorun. Wọ́n á wo fọ́tò, ọ̀rọ̀ ò ní wá. Lérè ní ara wọn ti ń yá. Èmi ò mọ irú yíyá bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé ọkọ wọn kú lẹ́ẹ̀kejì, kò wá sẹ́ni tó kí wọn kú aráfẹ́rakù.

Lóṣù kejì, ẹnìkan níbi iṣẹ́ Lérè júwe Azeezat, ọmọ Ìbàdàn tó ń gba àwọn tí ọkàn wọn dàrú nímọ̀ràn. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé, mà. Ẹ kú aráfẹ́rakù bàbá."

Omi bọ́ lójú màmá. Azeezat ò kánjú. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Kí ni bàbá máa ń sọ fún yín, mà?"

Màmá wo Bólúwají tó fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́, wọ́n wolẹ̀.

"Tí mo bá ti ròyìn ohun tí mo sè, àti ohun tí mo rí lójú fèrèsé, wọ́n á ní, 'Ìyá Bólú, ṣé kò sẹ́lòmíì nínú ilé yẹn tí o lè sọ ọ́ fún ni?'"

Bólúwají ti wọ bàtà iṣẹ́. Ó bọ́ ọ, ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Kí lẹ rí lójú fèrèsé lónìí?"