Bàámi, Tí Wọ́n Fi Àkísà Aṣọ Ya Àwòrán Ìyá Wọn

Bàámi, ó ti wá dìgbà! Ó dìgbà tí ilẹ̀kùn fáráńdà ilé wa ní Barnawa, ní Kàdúná, yóò tún ṣí, tí òórùn ọ̀dà yóò ṣíwájú yín wọlé. Mo pè yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ kò jẹ́ mi. Mo fọwọ́ kàn yín, ara yín ti tutù, ọ̀dà sì wà lábẹ́ èékánná yín síbẹ̀. Ikú ṣe mí léṣe. Èmi Yétúndé ni mò ń kọ èyí, àkọ́bí yín, ọmọ tí ẹ ń pè ní Ìyá mi.

Àwọn tó ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí a máa sọ pé erin wó. Ẹ̀yin kì í ṣe erin, Bàámi. Ènìyàn tínńrín ni yín, tí ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé lọ. Ẹ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ẹ kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn ni tiyín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yín dáadáa, àfi kó wá sí fáráńdà lọ́jọ́ Sátidé, kó bá yín nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gba gbogbo àwọ̀ tó wà láyé. Kò sẹ́ni tó kọ́ yín ní àwòrán yíyà, ẹ kò sì ta ẹyọ kan rí. Síbẹ̀ àwọn Hausa tó ń ta ọ̀dà nítòsí gáréèjì ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television mọ̀ yín ju onílé wa lọ. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò ti máa pariwo pé, "Baba mai zane, sannu da zuwa!" Ẹ̀yin náà á ní, "Yawwa, sannu," inú yín á sì dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Bàbá Ayàwòrán ni wọ́n ń pè yín. Oyè tí ẹ fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ ń fi gbogbo ọ̀dà yẹn wá. Ojú ìyá yín ni. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kú, kò sì sí fọ́tò wọn kankan nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, tí àwa ọmọ ń pè ní Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, nìkan ló kù láyé tó mọ bí ojú náà ṣe rí. Nígbà tí ẹ wá bí mi, tí mo jẹ́ ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ ìdílé yín lẹ́yìn ikú wọn, gbogbo ilé ní ìyá ti dé. Wọ́n sọ mí ní Yétúndé. Àwọn ẹlòmíràn a sọ ọmọ lórúkọ yìí, wọn a sì máa bá ayé wọn lọ. Ẹ̀yin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní bí ìyá bá ti dé, ojú rẹ̀ náà ti dé nìyẹn, kí ẹ ṣáà máa yà á títí yóò fi pé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé bí mo bá ti iléèwé dé. Eṣinṣin á bà lé mi nímú, n kò gbọdọ̀ lé e. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira," ni ẹ máa ń wí, tí ẹ ó máa bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Màmá wa á ké láti ilé ìdáná pé, "Bàbá Yétúndé, ẹ jẹ́ kí ìyá yín wá fọ abọ́ o!" Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ kò ní gbójú sókè. Ọdún ń gorí ọdún, mò ń dàgbà, ẹ̀ ń yà mí.

Mo ti ń múra àtilọ sí yunifásítì nígbà tí Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wa. Ẹ ti fi aṣọ bo èyí tó dára jù lọ nínú àwọn àwòrán náà. Ẹ ṣí i. Màmá wò ó títí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

Wọ́n ní, "Àkànní, ọwọ́ rẹ dára o. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ lo yà yìí. Màámi kọ́."

Òótọ́ ni. Láti imú dé àgbọ̀n, màmá wa ni mo jọ. Gbogbo Barnawa ló mọ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò rí i. Màmá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àmọ́ nígbà tí ẹ kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹlòmíràn ìbá kó ọ̀dà rẹ̀ dà nù. Ẹ̀yin ní búrọ́ọ̀ṣì ló jẹ̀bi. Ẹ mú ọ̀bẹ tí a fi ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, ẹ ń fi í lẹ ọ̀dà mọ́ kánfáàsì bí ẹni ń rẹ́ ilé. Ojú tó jáde le koko. Ẹ lọ bu amọ̀ pupa létí odò Kàdúná, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, ẹ ní àwọ̀ ara ìyá yín gan-an ló máa jẹ́. Ó sì rẹwà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ dé, amọ̀ náà sán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá-ńlá wa já bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, màmá wa sì fi ọwọ̀ gbá a kí ẹ tó jí. Ẹ ò bínú. Ẹ kàn ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀. Kai, ó kù díẹ̀."

Èmi náà wá bímọ, mo sì wá sinmi lọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ kan mo pọn ọmọ, mo ń ro ọkà, mo sì yí ọrùn láti wò ó bóyá ó ti sùn. Ẹ wà lẹ́yìn mi lẹ́nu ọ̀nà. Àfi bí ẹ ṣe kígbe, "Tsaya! Dúró! Má mira!" Mo rò pé ejò ni. Ìgbà tí mo máa wò yín, omi ti bo ojú yín.

Ẹ ní, "Ibi tí ọmọ yẹn wà ni èmi náà wà. Mo kàn ń wá ojú iwájú kiri ni. N kò mọ iwájú ìyá mi. Ẹ̀yìn wọn ni mo mọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti pa búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ àti amọ̀ tì. Ẹ fa ògbólógbòó ìró màmá wa ya, ẹ ń rì í bọ ọ̀dà, ẹ ń fún un, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ kánfáàsì, títí ojú òwú inú aṣọ náà fi hàn lára àwòrán. Ẹ ní ọmọ tí wọ́n pọ̀n kì í fojú nìkan mọ ìyá rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó lẹ̀ mọ́ aṣọ ìyá náà ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ bà á jẹ́, ọ̀dà ń ṣàn bí ọbẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ yín mọ ìwọ̀n rẹ̀. Obìnrin kan yọ síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, a rí ọrùn rẹ̀, a rí etí kan, a rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tó ti fẹ́ bojú wẹ̀yìn.

Ẹ pe Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó. Bí ẹ bá tún ní àwọn kọ́, mo ti gbà, n ó jókòó jẹ́jẹ́." Mo ní kí n yà á sórí fóònù kí n fi ránṣẹ́, ẹ kọ̀. Ẹ ní fóònù á sọ ìyá yín di kékeré. Ọ̀nà Kàdúná sì ń dẹ́rù bani nígbà náà nítorí àwọn ajínigbé, àwọn ọmọ Màmá kò jẹ́ kí wọ́n wá. Ẹ ń retí wọn. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró lẹ́nu géètì, ẹ ó nàró. Àyà ń dùn yín, ẹ ò sọ fún ẹnì kankan. Bàámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kú, àwọn ọmọ Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè dá wọn dúró mọ́. Wọ́n dé lánàá. A mú wọn wọ yàrá, wọ́n sì rí àwòrán náà kí wọ́n tó rí àga. Wọ́n dúró. Wọ́n na ìka sí ìpàkọ́ obìnrin náà.

"Èmi ni mo máa ń di irun orí yìí," ni wọ́n wí. Arúgbó náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màámi, ẹ kú àtijọ́. Ẹ̀yin rèé."

Wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú wo gbogbo yàrá, ayọ̀ ṣì wà lójú wọn, bí ẹni pé wọ́n ti gbàgbé ohun tó gbé wọn wá. "Àkànní dà? Ẹ pè é wá, kí n sọ fún un."

Nítorí náà èmi ni mo wá jẹ́ iṣẹ́ wọn fún yín. Ìyá yín ni, Bàámi. Ìyá yín gan-an ni ẹ yà. Ẹ sùn re o.