Èkùrọ́ Kejìlá

Ó ku díẹ̀ kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbòde, láyé àwọn sójà, ni wọ́n gbé mi kúrò ní Òṣogbo lọ sí Iléṣà láti máa kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí, ẹnu mi sì yá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé ìjà wo la jà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ tí ẹnu yíyá ò gbà wá.

Bọ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Kò ríran, ìyá ìyá rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ wá síléèwé. Ìṣirò orí pátákó ò lè yé e, ni mo bá kó èkùrọ́ sínú àpò fún un. Ó ń fọwọ́ kà á, ó ń rò ó pọ̀, ó ń yọ ọ́ kúrò, kò sì pẹ́ tó fi ń yára ju àwọn tó ń wo pátákó lọ. Àfi bí ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ṣe dé lọ́jọ́ kan, tó ní ọmọ tí ò lè rí pátákó ò gbọdọ̀ gba àyè ẹlòmíì.

Inú bí mi, kí n má parọ́. Alága ẹgbẹ́ wa náà gbaná jẹ. Gbólóhùn rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé ni, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́!" A wá àwọn ìyá tí ọmọ wọn jẹ́ afọ́jú, adití tàbí arọ kàn, a sì kó ara wa tọmọtọmọ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. A fẹ́ kí wọ́n gbà wọ́n sí kíláàsì, kí wọ́n sì fún wa ní ohun èlò ìṣirò tí ọwọ́ lè bà.

"Mélòó làwọn ọmọ náà?" ni ọ̀gá bi wá. "Bí mi ò bá mọ iye wọn, mi ò lè ṣe nǹkan kan."

Làwọn ìyá bá figbe ta. "Háà! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ìyá àgbà Bọ́sẹ̀ ló là wá.

"Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú èkùrọ́ kan nínú àpò ọmọ mi, kó jù ú sínú fìlà alága. Kí Bọ́sẹ̀ ka èkùrọ́. Èkùrọ́ kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bó bá kà á tọ́, kó máa lọ sí kíláàsì. Bó bá ṣì í kà, ẹ mú un lọ sílé."

Alága gbé àpò àti fìlà yí ká, ó sì gbé fìlà náà síwájú Bọ́sẹ̀. Ọmọ náà fọwọ́ kà á.

"Méjìlá, sà."

Ọ̀gá dìde, ó nàka sáwọn ọmọ, ó ń kà wọ́n lójú wa. Àwọn ìyá ń fi ìborùn bo orí ọmọ wọn.

"Mọ́kànlá! Mo ti sọ fún yín."

Bọ́sẹ̀ tún un kà. "Méjìlá ni, sà."

Mo bẹjú wo fìlà. Méjìlá ni lóòótọ́.

"Á jẹ́ pé ẹ fi ìkan kún un láti tàn mí jẹ," lọ̀gá wí. "Nínú kó ṣì í kà àti kí ẹ jẹ́ ẹlẹ́tàn, ọ̀kan ni. Èyí tó wù kó jẹ́, ó ń lọ sílé."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ìyá àgbà ń sunkún. "Ta ló ju méjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n torí yín lé ọmọ mi!"

Mo wá ṣàkíyèsí pé alága wa ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti gbé fìlà kalẹ̀. Òógùn bò ó.

"Èmi ni mo ju ìkan," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Arọ ni ọmọ mi. Ilé ló wà. Àwọn ará àdúgbò ò mọ̀ pé mo bí i."

Wàláhi, èmi akọ̀wé rẹ̀ pàápàá ò gbọ́ ọ rí.

Ọ̀gá ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní kí Bọ́sẹ̀ máa lọ sí kíláàsì. Ó ní káwọn yòókù máa retí ìjọba, wọ́n sì retí títí ó fi sú wọn. Ohun èlò ò dé, èkùrọ́ náà la ń lò lọ. Ní ti ọmọ alága, mo lọ sílé wọn láìmọye ìgbà. "Lọ́la, Àǹtí," ni baba rẹ̀ máa ń wí lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé alága lọ sí iléèwé ní ìlú mìíràn, mi ò sì fojú kan ọmọ náà rí.

Ohun tó ṣì ń dùn mí nìyẹn. A já Bọ́sẹ̀ gbà, a ò já ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà á sílẹ̀ gbà.

Bọ́sẹ̀ ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ó wá kí mi nígbà Iléyá. Kò tíì jókòó tó fi bi mí ní ohun tó máa ń bi mí láràárọ̀ ní kíláàsì:

"Tíṣà, ẹnì kejìlá ńkọ́?"